Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ń Bá Aṣọ Sọ

Bí Dókítà bá ti béèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni àwọn obìnrin náà máa ń wò. Wọ́n jókòó yípo nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé Bàbá Alága, àga kọjú sí àga, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, wọ́n sì káwọ́ lé itan bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn bí ẹní, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ló ń dùn wọ́n?" ni Dókítà wí.

Olóyin yíjú sí wọn, ó bi wọ́n ní èdè wọn. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíràn ń fa etí aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá, Aránṣọ, obìnrin gíga tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó wà lókè àdúgbò, là ẹnu.

"Àga yìí le," ló wí.

Olóyin rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Dókítà. "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn. Wọ́n ní ara ń tù wọ́n díẹ̀díẹ̀, kí Ọlọ́run san yín lóore."

Dókítà mi orí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò túká. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé ara ń tu àwọn obìnrin wọ̀nyí, síbẹ̀ ẹyinjú wọn ń wọlé sí i.

Bí iṣẹ́ Olóyin ṣe rí nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ì bá korò bí ewúro wọ etí rẹ̀, bí oyin ni yóò ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa ni. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ kì í gbé ọ̀rọ̀ líle síwájú àgbà láìdì í, bí a kì í ti í fi ọbẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ bu fún àlejò. Bàbá Alága, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ àwọn onílé tó ń ṣàkóso gbogbo àdúgbò náà.

Ní ti èdè, ìyá rẹ̀ ló fún un. Ará Òdìkejì, ìlú tó wà ní òdìkejì odò, ni ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló ti ibẹ̀ wá lọ́kọ síbí nígbà náà, kí odò tó kún, kó tó gba ilé àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n tó ṣí wá tẹrùtẹrù láti wá háyà àwọn ilé ẹ̀yìn tó wà ní àgbàlá àwọn onílé. Igbá ni àwọn onílé ń pe igbá, nǹkan mìíràn ni àwọn ará Òdìkejì ń pè é. Olóyin nìkan ló ń gbọ́ ti ìhà méjèèjì já geere. Nígbà mìíràn tó bá dá jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa rò ó pé òun dà bí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjì: gbogbo èèyàn ń gba ara rẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé yàrá wo ni tirẹ̀.

Nǹkan tó gbé Dókítà wá ni àìsàn kan tí kò lórúkọ. Àwọn obìnrin Òdìkejì kò sùn mọ́. Ọ̀kan jókòó sórí àtẹ̀gùn láti àárọ̀ títí dọ̀sán, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń sunkún àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ nù ún. Wọ́n ń jágbe mọ́ ọkọ, wọ́n ń jágbe mọ́ ọmọ, wọ́n á tún máa bẹ ògiri. Iléeṣẹ́ ìlera bá rán Dókítà sí wọn. Dókítà ọkàn ni, kò gbé abẹ́rẹ́ dání, kò gbé oògùn dání. Àwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní Aláìlábẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ náà ju ti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Àárín àgbàlá ni ilé ìfọṣọ wà, ilé gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ọpọ́n ìfọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀, ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin Òdìkejì a máa kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá ṣàánú wọn: wọ́n fa omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ilé ìfọṣọ pa. "Ta ni yóò tún máa gbé agbọ̀n aṣọ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹrú?" ni Bàbá Alága sọ lọ́jọ́ tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Gbogbo ìgbìmọ̀ kí i kú oríire.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni oorun sá.

Bàbá Alága fúnra rẹ̀ ló wá mú àbá kejì wá. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé òun ti kéré jù fún Dókítà. Kí wọ́n fọ́ àwọn ọpọ́n inú ilé ìfọṣọ, kí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, kí wọ́n to àga yípo síbẹ̀, kó di yàrá ìtọ́jú ọkàn. Inú Dókítà dùn. Yàrá tirẹ̀, fèrèsé tó pọ̀, ìmọ́lẹ̀! Àmọ́ ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ín. Ìgbìmọ̀ bá pe ìpàdé, wọ́n sọ àbá náà, Olóyin túmọ̀ rẹ̀. Ojú Aránṣọ pọ́n. Ó dìde.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ fọ́ orí wa kí wọ́n tó fọ́ ọpọ́n yẹn."

Olóyin yíjú kúrò lọ́dọ̀ Aránṣọ. Ó wo Bàbá Alága tó fi fìlà bo orúnkún, tó ń retí ọpẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú èyí síwájú ẹni tó ra bàtà iléèwé fún un?

"Wọ́n ní ẹ ti gbìyànjú gan-an, Bàbá," ló wí. "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọpọ́n yìí jẹ àwọn lógún lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n ní ẹ bá àwọn fara balẹ̀ wò ó."

Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin rí i pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé wọ́n ti gbọ́ àwọn, àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìhà méjèèjì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n, wọ́n sì tú ká tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìrọ̀lẹ́ Friday ni ọkọ̀ akẹ́rù dúró sẹ́nu àgbàlá. Àwọn òṣìṣẹ́ kó òòlù ńlá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìfọṣọ, wọ́n kó àga tuntun wọnú rẹ̀ síbi kan. Olórí wọn ní ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ tán tí àwọn ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Orí àtẹ̀gùn ni Aránṣọ ti ká Olóyin mọ́.

"Ọmọ yìí, dúró. Kí ni òòlù ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀, kí lo sọ fún wọn?"

Olóyin tún un sọ fún un ní èdè Òdìkejì, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú gbogbo ẹ ti gbìyànjú àti ẹ bá wa wò ó. Aránṣọ tẹ́tí, ẹnu rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ló sọ ìyẹn?"

"Mo dì í ni, ẹ̀gbọ́n. Kó má bàa dìjà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo rò ó lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú bí ìka, tìẹ gùn bí okùn ìsáṣọ. Mo ń sọ lọ́kàn pé àbí èdè wọn ló pọ̀ lẹ́nu báyìí? Ibo lo ti rí ìyókù? Inú ọbẹ̀?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó fọwọ́ ti ògiri. "Ṣé o mọ ohun tí a ń ṣe nínú ilé yẹn?"

"Ẹ ń fọṣọ."

"Ìyá rẹ ò sọ fún ọ?"

Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Olóyin ń ṣẹ́ aṣọ gbígbẹ lórí ibùsùn nígbà tó wọlé. Kò gbójú sókè.

"Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í wo ojú ara wa sọ ìbànújẹ́," ló wí nígbà tí ọmọ rẹ̀ bi í. "Bí mo bá wo ojú rẹ tí mo sọ ọ́, mo ti gbé ẹrù lé ọ lórí nìyẹn, o gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn, o gbọ́dọ̀ ṣàánú mi. Aṣọ la máa ń bá sọ ọ́. Ọwọ́ ń fọ̀, ojú wà nínú omi, ẹnu ń sọ. Ẹni tó wà nídìí ọpọ́n kejì á gbọ́. Bó bá ní ọ̀rọ̀, á bá aṣọ tirẹ̀ sọ. Omi á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lèmi náà ti ń ṣe é kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Ta ló bi mí?"

Olóyin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màámi, bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ Aránṣọ síwájú Bàbá bó ṣe rí, wọ́n lè lé mi jáde nílé."

"Wọ́n lè lé ọ." Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ̀wù kan, ó fọwọ́ lọ ọ́. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí o bá fi oyin bò, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí kò ní mọ̀ pé òun ṣẹ èèyàn. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀, kí ló fẹ́ túnṣe? Bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó tíì sọ òótọ́ fún un rí ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìgbìmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ. Dókítà náà ti dé, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ń tàn. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé òòlù léjìká. Ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ láìtì lálẹ́ ni àwọn obìnrin Òdìkejì ti gbà wọlé ṣáájú gbogbo wọn, wọ́n dúró ti ọpọ́n, ẹnì kan sí ọpọ́n kan, wọn ò mira.

"Kí lèyí?" ni Bàbá Alága wí. "Ṣé wọ́n wá kí ọpọ́n pé ó dìgbóṣe ni?"

Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ sọ̀rọ̀, ó wo Olóyin: "Ó yá. Lónìí, ẹnu mi ni kó o lò."

Olóyin bọ́ sí iwájú. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà, kò dára létí, kì í sì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún."

Bàbá Alága wò ó tìyanutìyanu. "Ojú rẹ pọ́n bí ẹni tó jẹ ata tí kò rí ẹran jẹ. Dìde, jíṣẹ́ rẹ. Kí ni wọ́n lè sọ tí etí mi ò gbọ́ rí?"

Olóyin dìde. Kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá bó ṣe máa ń dúró. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ, nídìí ọpọ́n. Aránṣọ ń sọ, òun ń túmọ̀, gbólóhùn kúkúrú sí gbólóhùn kúkúrú.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ẹ kọ́kọ́ fọ́ orí wa kí ẹ tó fọ́ ọpọ́n. Ọmọ yìí ò sọ ọ́ fún yín. Mo tún un sọ."

Òṣìṣẹ́ kan rọra sọ òòlù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ẹ ní kí a dúpẹ́. Ẹ wá rán ẹni tí yóò bi wá pé kí ló dé tí a ń sunkún."

"Ta ni wọ́n ń bá wí?" Àgbà ìgbìmọ̀ kan ti fò sókè. "Olóyin! Ẹnu rẹ lo fi ń bú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ?"

"Ẹnu tèmi, ọ̀rọ̀ tiwọn, bàbá," ni Olóyin dáhùn, kò sì padà sẹ́yìn. "Wọn ò tíì parí."

Bàbá Alága gbé ọwọ́ sókè, kí wọ́n dákẹ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ, tí àlejò wá tu ú dànù lójú rẹ̀. "Sọ fún un pé èmi ni mo fa omi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ tán. Mo ṣe é fún wọn ni!"

Olóyin túmọ̀ rẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Aránṣọ mi orí.

"Omi yẹn dára. A gbà á. Ta ló wá sọ fún yín pé omi nìkan là ń wá síbí?" Ó yíjú sí Dókítà. "Ìwọ náà, Aláìlábẹ́rẹ́. O máa ń bi wá pé kí ló ń dùn wá. Ìbéèrè dáadáa ni. Ṣé o tíì bi wá rí pé báwo la ṣe ń sọ ọ́? Àga ẹ, yípo ẹ, ojú ẹ nínú ojú wa. A ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn bọ́ aṣọ láàárín ọjà."

Dókítà yíjú yí ilé náà ká. Ó wo àwọn àga tuntun tí wọ́n tò sí igun, ó wo ọpọ́n, ó wo àwọn obìnrin náà. Nígbà tó fọhùn, ìdùnnú wà nínú ohùn rẹ̀ bí ẹni tó rí ọ̀nà lẹ́yìn tó ti rìn nínú igbó títí.

"Mi ò bi wọ́n rí. Ọ̀nà tí àwọn tó kọ́ mi ń gbà sọ̀rọ̀ ni mo rò pé gbogbo ayé ń gbà. Bàbá Alága, mo dúpẹ́ yàrá, àmọ́ mi ò gbà á mọ́. Bí ẹ bá fọ́ ọpọ́n kan níbí, ẹ ti lé àwọn tí mo wá tọ́jú dànù nìyẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

"Bó bá ní aṣọ tó dọ̀tí," ni Aránṣọ wí.

"Mo ní in." Dókítà bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó jù ú sínú ọpọ́n, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Àmọ́ nígbà tó ṣí ẹ̀rọ, omi kò jáde. Wọ́n ti ti omi pa láti ìta. Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Bàbá Alága.

Kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i. Ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀ tó dúró láàárín àwọn àlejò, tó gbé orí sókè, tí ìbẹ̀rù ṣì wà lójú rẹ̀, tí kò sì gbójú sá.

"Bi wọ́n," ló wí. "Kí ni wọ́n ń wá níbí, bí kì í bá ṣe omi?"

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn fìrí, wọ́n tún yára gbójú kúrò. Aránṣọ tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú ọpọ́n gbígbẹ, ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohun tí kò lómi. Aṣọ náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Gèlè, ọmọ mi ní nígbà wo la máa lọ sílé. Mi ò mọ ilé tó ń wí. Odò wà nínú ilé tó ń wí."

Obìnrin tó wà nídìí ọpọ́n kejì tẹ orí ba. "Ìborùn, ilé ẹ̀yìn ni mo wà. Bí mo bá kú síbẹ̀, ògiri ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Ẹ̀kẹta dá sí i, ẹ̀kẹrin dá sí i. Olóyin ń túmọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bínú lẹ́ẹ̀kan ti jókòó sórí òkúta, ó bo ojú. Bàbá Alága fọn imú rẹ̀ kíkan.

"Ta ló ti omi yìí?" ló ké mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. "Ṣé ìyàn omi mú wa ni? Ẹ lọ ṣí i!" Ó sún mọ́ Aránṣọ, ó dúró. "Olóyin, sọ fún un, má dì í: inú mi ò dùn sí bó ṣe bá mi sọ̀rọ̀."

Olóyin sọ ọ́. Aránṣọ dáhùn, Olóyin sì túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní inú tòun náà ò dùn sí bí ẹ ṣe ti ilẹ̀kùn. Ó ní ó di ọ̀kan sí ọ̀kan."

Bàbá Alága bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "Ọ̀kan sí ọ̀kan! Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ kan á wà lọ́wọ́ wọn, kan á wà lọ́wọ́ mi."

"Ó ní rárá o. Ọ̀dọ̀ àwọn ni kó wà. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ wọlé, kí ẹ kanlẹ̀kùn, àwọn á ṣílẹ̀kùn fún yín bí èèyàn gidi. Ó tún ní bí ìgbìmọ̀ bá tún fẹ́ ṣàánú àwọn, àwọn fẹ́ wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ àánú náà. Èèyàn méjì, àga méjì."

"Àga?" ni Bàbá Alága wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀ lórí àga?"

"Ó ní ti ibẹ̀ yẹn, àwọn á fara dà á."

Ìgbà yìí, gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohun kan náà. Bàbá Alága fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Aránṣọ, ó sì fi ọwọ́ kejì pa á dé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. Olóyin fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá a mú ní èjìká.

"Dúró ṣánṣán. Láti òní lọ, bó ṣe rí ni kó o máa jíṣẹ́ fún mi. Ṣé àgbà ni mí tàbí ẹyin tó ń tètè fọ́?"

Omi dé. Ó kọ́kọ́ wúkọ́ nínú ẹ̀rọ, ó tu ìpẹtà pupa jáde, ó wá mọ́ gaara, ó sì ń dà yàà láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé náà dé òpin rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá fọ́ ọpọ́n ló ń gbé àga jáde. Láti òkè, àwọn obìnrin tó kù ń sáré bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lórí, ìyá Olóyin ló ṣáájú wọn, ó ń pariwo ní èdè rẹ̀ láàárín àgbàlá pé kí wọ́n fún òun láyè. Ọṣẹ ń hó, aṣọ ń lu sìmẹ́ǹtì, Dókítà ń fi ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ náà bá ẹ̀wù funfun rẹ̀ jà, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, aṣọ ti bo gbogbo okùn àgbàlá láti ògiri dé ògiri, afẹ́fẹ́ gbé wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo obìnrin sì gba gbogbo àdúgbò kan.